Ẹ Jẹ́ Kí Òfin Ṣọ́ Àpótí, Kí Ó Fi Ẹnu Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ó yẹ kí òwe yìí máa dún létí gbogbo ẹni tí ó bá fara jìn fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́, pàápàá jù lọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a kì í lò ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ nínú ọgbà Yunifásítì kí olúkúlùkù tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí eré bá tú, kò sí ẹni tí yóò ṣe léṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìtàn ìran àwọn ẹlòmíràn ni ogún ọmọdé náà ń kó jọ ńkọ́? Ta ni yóò jókòó ti ẹrù nígbà tí eré bá tú? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bá mi gbé yẹ̀ wò.

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá tí a jọ wá láti ìlú kan náà ti ń lo àkókò ìsinmi wa láti máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, tí a ń kọ ìtàn ìran sílẹ̀. A ń béèrè ẹni tí ó tẹ agbo ilé náà dó, ibi tí ó ti wá, àwọn ìyàwó tí ó fẹ́, ọmọ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí, àti ọmọ tí àwọn ọmọ náà bí, títí dé orí àwọn tí ó wà láyé lónìí. A ń gba oríkì orílẹ̀ wọn sílẹ̀, a ń béèrè èèwọ̀ wọn, a sì ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọmọ wọn ní irú orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń san kọ́bọ̀ fún wa. Owó ọkọ̀ tiwa ni a fi ń rìn, fóònù tiwa ni a fi ń gba ohùn sílẹ̀.

Ẹrù náà ti wá pọ̀ báyìí. Ohùn àwọn àgbà kan tí ó ti kú lẹ́yìn ìgbà tí a bá wọn sọ̀rọ̀ wà nínú fóònù ọ̀kan nínú wa. Ìwé tí ó kún jù lọ wà lábẹ́ ibùsùn ẹlòmíràn. Àwọn méjì ti gboyè jáde, wọ́n sì ti di àgùnbánirọ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Bí olè bá jí fóònù kan lónìí, ìtàn agbo ilé mẹ́ta ni ó jí lọ.

Nínú ìpàdé wa tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀. Apá kan ní kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kò wà fún èrè, kí a ní olùtọ́jú tí òfin mọ̀, kí a ní àkáǹtì ní báǹkì, kí a sì ní yàrá tí a ń kó ìwé sí. Apá kejì ní rárá o. Wọ́n ní ọjọ́ tí a bá forúkọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ àtinúwá kú, nítorí ọjọ́ náà ni ipò àti owó yóò wọlé, ìjà yóò sì tẹ̀lé wọn. A tú ká láìfẹnu kò síbì kan.

Èmi kò sí lẹ́yìn apá kejì, n kò sì bá apá kìíní lọ délé. Èrò tèmi ni pé kí a forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí a ń torí rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Àpótí tí a kó ìtàn sí ni kí òfin bá wa ṣọ́. Ẹnu tí ó ń sọ ìtàn, kí ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá tí kò mọ ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Bóyá kì í ṣe gbogbo wa ni ó mọ bí ìwé náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọwọ́ wa. Ọdún 1897 ni Johnson parí rẹ̀. Ó fi ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Ní ọdún 1901, Johnson fúnra rẹ̀ kú. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó tí ó tún gbogbo rẹ̀ tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní ọdún 1916, ogun ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó ń gbé ìwé náà lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wà á gba Amẹ́ríkà lọ. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah ti kú ní ọdún 1920, kò fi ojú rí i.

Iṣẹ́ àlùfáà ni Johnson ń jẹ. Kò sí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ pé kí ó wá kọ ìtàn. Iṣẹ́ àtinúwá gan-an ni. Kí ni ó gba iṣẹ́ náà là? Àbúrò kan tí ó mọ̀wé, tí ó lówó díẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bí Johnson kò bá ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Àwa tí a ń kó ìtàn agbo ilé jọ lónìí kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹnìkan yóò ní àbúrò. Ètò ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ tí Obadiah ṣe.

Kì í sì í ṣe àwa ni ìbéèrè yìí kọ́kọ́ bá. Àwọn òyìnbó tí ó ń wá ìran wọn ti bá a pàdé ṣáájú wa, ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí fún wọn kò sì bára dọ́gba. Mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, nítorí pé iṣẹ́ wọn jọ tiwa: àwọn ènìyàn lásán tí kò gba owó oṣù, tí wọ́n ń da orúkọ òkú kọ láti ara ìwé àtijọ́ àti láti ara òkúta sàréè.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1987 ni àwọn kan ti ń fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà bá ara wọn wádìí ìran. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbilẹ̀, ìpàdé wọn yìí bọ́ sí abẹ́ RootsWeb, tí tọkọtaya kan ń darí, tí àwọn tí ń lò ó sì ń dá owó fún. Ní ọdún 1996, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní USGenWeb láti ìpínlẹ̀ Kentucky. Ètò wọn rọrùn: ẹnìkan yóò mú ìjọba ìbílẹ̀ kan, yóò máa kó orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìhágún àti itẹ́ òkú ibẹ̀ jọ fún gbogbo ayé láti rí lọ́fẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ RootsWeb. Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ MyFamily.com, èyí tí a mọ̀ sí Ancestry lónìí, ra RootsWeb. N kò ní purọ́ mọ́ ilé iṣẹ́ náà: wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n pàṣẹ pé kò sí ẹni tí ó tún gbọdọ̀ fi lẹ́tà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ìpàdé orí kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn. Ohun tí ó ti wà láti bí ọgbọ̀n ọdún dákẹ́.

Bákan náà ni Find A Grave. Ọkùnrin kan ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1995. Àìmọye ènìyàn ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí itẹ́ òkú, tí wọ́n ya fọ́tò òkúta sàréè, tí wọ́n sì fi í síbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2013, Ancestry rà á. Kò sí ẹni tí ó jí nǹkan o. Ẹni tí ó ni àpótí ni ó tà á, òfin sì gbè é lẹ́yìn. Àwọn tí ó kó nǹkan sínú àpótí náà kò ní ohùn níbẹ̀, nítorí pé kò sí ìwé kankan tí ó sọ pé wọ́n ní.

Ẹ wá wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1998 ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní FreeBMD bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń da orúkọ àwọn tí a bí, àwọn tí ó gbéyàwó àti àwọn tí ó kú kọ, láti inú ìwé atọ́ka tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti ń tọ́jú láti ọdún 1837. Àwọn yìí kò fi iṣẹ́ náà sí ọwọ́ ẹnìkan. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú lábẹ́ òfin ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìwé ìjọ àti iṣẹ́ ìwé ìkànìyàn kún un. Títí di òní, ọ̀fẹ́ ni ẹnikẹ́ni ń wo orúkọ níbẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni ó sì ń da orúkọ náà kọ. Èyí dá apá kejì nínú wa lóhùn lórí ohun kan: fíforúkọ sílẹ̀ kì í pa iṣẹ́ àtinúwá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn wọ̀nyí kò pọ̀. Bí òfin kò bá sọ ẹni tí ó ni àpótí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni ín. Àwa tí a ń sọ pé a kò fẹ́ ọ̀gá, a ti ní ọ̀gá tẹ́lẹ̀: ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ìwé wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, mo sì fọkàn tán wọn. Ṣùgbọ́n àwọn náà yóò gbéyàwó, wọn yóò kó kúrò nílùú, wọn yóò sì kú lọ́jọ́ kan.

Bí ọ̀rọ̀ bá tó síbẹ̀ yẹn nìkan, ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n apá kejì ní ẹjọ́ kan tí n kò gbọdọ̀ fi ojú kéré, òun ni ó sì mú kí n kọ ìwé yìí. Àwọn òyìnbó tí mo dárúkọ lókè lè da orúkọ kọ láàárọ̀ dalẹ́, agbára káká ni yóò fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn ìran ni ilẹ̀, òun náà ni oyè. Ẹni tí a bá kọ pé ọmọ àlè ni bàbá rẹ̀, tàbí pé àlejò ni ó bá wọn dé, a ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ rántí Òfin Àwọn Olóyè tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1957. Òfin yẹn ni ó mú kí a máa kọ ìdílé tí ó lè jọba sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àti bí oyè yóò ṣe máa yí láti ilé dé ilé. Ìdílé tí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé náà rí nǹkan dì mú. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ń rojọ́ láti ìran dé ìran, kódà bí gbogbo ìlú bá mọ̀ pé baba ńlá wọn fi orí dé adé rí. Títí di òní ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ ní kóòtù.

Ti ilẹ̀ náà ńkọ́? Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tí ó wá láti agbègbè Warri, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ wa ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó tẹ ilẹ̀ náà dó, bí ó ṣe dé ibẹ̀, àti àwọn tí ó jogún rẹ̀ títí dé orí olùpẹ̀jọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi èyí wé ohun tí a ń béèrè láti agbo ilé dé agbo ilé. Ohun kan náà ni!

Nísinsìnyí, bí a bá di ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀, òfin yóò fún wa ní òǹtẹ̀. Ọjọ́ tí a bá gba òǹtẹ̀ ni àwọn lọ́yà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ọ̀kan yóò ní kí a bá òun lu òǹtẹ̀ sí ìtàn oníbàárà òun. Èkejì yóò ní kí a wá jẹ́rìí pé irọ́ ni. Bí a bá ṣe ti ẹnìkan, a ti di ọ̀tá ẹnìkejì, ilẹ̀kùn agbo ilé kan yóò sì tì mọ́ wa lójú títí láé. Ohun tí apá kejì ń bẹ̀rù nìyẹn, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ.

Ẹ̀rù ti owó náà tún wà níbẹ̀. Gbajúmọ̀ kan ní ìlú wa ti ránṣẹ́ sí wa pé òun yóò fún wa ní yàrá kan àti kọ̀ǹpútà méjì bí a bá lè forúkọ sílẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí a kọ́kọ́ parí ìtàn ìdílé tòun, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí ọdún tó yí po. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé ìdílé rẹ̀ àti ìdílé kan ń du oyè lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Bí a bá gba yàrá yẹn bí ó ṣe fi lọ̀ wá, báwo ni a ó ṣe kọ ìtàn ìdílé kejì tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbà á gbọ́?

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe aláìmọ irú wàhálà yìí. Wọ́n ní ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà tọ́jú ìtàn. Ní Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin wà ní ààfin. Oyè ìdílé ni, ọba ni ó ń bọ́ wọn, iṣẹ́ wọn sì ni láti mọ orúkọ àwọn ọba tẹ̀ léra wọn láìfo ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni. Johnson fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé wọ́n wà lára àwọn tí òun gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ààfin ni arọ́kin ń jẹun, ojú tí ààfin fi ń wo ọ̀rọ̀ ni òun náà yóò sì fi wò ó.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn obìnrin ilé. Kò sí ẹni tí ó fi wọ́n joyè òpìtàn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ní ọjọ́ òkú àgbà, ní ọjọ́ ọdún, àwọn ni ó ń ki ilé. Ìyàwó tí a fẹ́ wá láti ìdílé mìíràn ni ó sábà máa ń mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ jù lọ. Ẹni tí ó bá ka ìwé tí Karin Barber kọ ní ọdún 1991 lórí oríkì ní ìlú Òkukù yóò rí i pé oríkì kì í fi ohunkóhun pamọ́. Ó ń sọ ti ogun tí a ṣẹ́, ó sì ń sọ ti ogun tí ó lé wa kúrò nílé. Ó ń yin ẹni, ó sì ń bú u lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ìyá kan bá ki ilé báyìí, tí ìyá kejì sì ki í lọ́nà mìíràn, kò sí ẹni tí yóò ní kí ọ̀kan dákẹ́.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe yìí, ti àwọn obìnrin ilé ni. Bí a bá forúkọ sílẹ̀ láìronú, a ó di arọ́kin, ẹni tí ó bá lówó jù ni yóò sì di ọba wa. Bí a kò bá sì forúkọ sílẹ̀ rárá, a ó di ogún ọmọdé tí eré wọn tú. Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé kí á lo òfin fún ohun tí òfin mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ni òfin mọ̀ ọ́n ṣe? Òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2020, èyí tí ó rọ́pò ti ọdún 1990, ní apá kan tí ó jẹ́ ti irú wa. Ó gba àwọn tí àṣà tàbí ìbátan so pọ̀ láàyè, àti àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tàbí ti àṣà, láti yan olùtọ́jú, kí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí CAC. Ẹgbẹ́ náà yóò wá di ẹni kan lójú òfin. Kì í kú nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú. Ó lè ní ohun ìní ní orúkọ ara rẹ̀. Owó rẹ̀ kò ṣe é pín bí èrè láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí ó bá sì tú ká, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù yóò lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tirẹ̀. Ẹ wò ó, gbogbo èyí ti àpótí ni. Kò sí ibì kan tí òfin náà ti ní kí ẹgbẹ́ máa dá ẹjọ́ ta ni ọmọ ta. Àwa fúnra wa ni a lè fi ìyẹn kún un bí a kò bá ṣọ́ra.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kọ ìwé òfin ẹgbẹ́ wa, ohun márùn-ún ni mo fẹ́ kí a kọ sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Èkíní, kí àwọn olùtọ́jú má ṣe wá láti ìdílé kan tàbí àdúgbò kan, kí àwọn obìnrin sì wà nínú wọn. Kò yẹ kí àwọn tí ó mọ ìtàn jù wà níta nígbà tí a bá ń dá ọ̀rọ̀ ìtàn.

Èkejì, kí a kọ ọ́ pé a kò ní ta àkójọ náà fún ẹnikẹ́ni láé, kí a sì dárúkọ ilé ìkàwé Yunifásítì tí yóò gbà á bí ẹgbẹ́ bá tú. Láti ọjọ́ kìíní sì ni kí ẹ̀dà kan ti máa wà níbẹ̀. Kí ẹ̀dà mìíràn wà ní ìlú, lọ́wọ́ àwọn tí ó sọ ìtàn.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí ìran. Ohun tí a ó máa kọ ni pé lágbájá sọ báyìí ní ọjọ́ báyìí. Bí ẹnu méjì bá yàtọ̀, kí a kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a má ṣe dárí rẹ̀. Kóòtù lè pè wá pé kí a mú àkọsílẹ̀ wá, a ó sì mú un lọ; ṣùgbọ́n kò ní bá òǹtẹ̀ wa lára rẹ̀ pé òtítọ́ ni ti ẹnìkan.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi owó ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí owó kankan má ṣe ti ìdílé kan ṣáájú ìdílé kan. Lọ́dọọdún, kí a ka orúkọ ẹni tí ó mú owó wá àti iye tí ó mú wá sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú. Gbajúmọ̀ wa, bí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà lóòótọ́, yóò gba èyí.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn tí ń rìn lẹ́sẹ̀ máa dìbò, kí ìdílé tí ó sọ ìtàn sì ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà láàyè nínú rẹ̀. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ àdáni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 ti fi ààlà sí bí a ṣe lè lo ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n kí òfin yẹn tó dé ni àwọn àgbà wa ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní owó ni kò sí. Òótọ́ ni pé owó ń lọ sí i. A ó san owó ìforúkọsílẹ̀, a ó kéde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i lè sọ ọ́, a ó sì máa fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó ọkọ̀ tí a ti ná láti ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó ti ra màlúù kò yẹ kí ó ní òun kò lówó okùn. Ní ti ìkéde yẹn, èmi rò pé ó dára fún wa gan-an. Bí ìdílé kan ní ìlú bá rò pé a fẹ́ yọ òun sílẹ̀, kí ó kígbe kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a lè jókòó yanjú rẹ̀.

Àwọn kan yóò tún ní ìjà ipò yóò dé. Ìjà ti dé tẹ́lẹ̀. A sì ti jà á nínú ìpàdé tí ó kọjá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí ó ní ìwé òfin ní ibi tí ó lè yẹ̀ wò láti parí ìjà. Ẹgbẹ́ tí kò ní, ariwo ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ni òfin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde ní ọdún 1967, ohun tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ni ó di ohun tí àwa ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ń kà lónìí. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé kí a máa kó ìtàn jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá àyè fún un. Kí ẹ̀ka wa gba ẹ̀dà kan, kí olùkọ́ kan sì bá wa jókòó gẹ́gẹ́ bí olùgbìmọ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa ni a ní ẹsẹ̀ tí a fi ń wọ agbo ilé. Ẹ̀yin ni ẹ ní ilé tí òjò kì í pa.

Ìpàdé wa yóò tún jókòó ní ìsinmi tí ń bọ̀, a ó sì dìbò. Bí mo bá rí ohun márùn-ún wọ̀nyí nínú ìwé òfin tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí CAC, ọwọ́ mi méjèèjì ni n ó nà sókè. Bí ẹ̀kẹta kò bá sí níbẹ̀, kódà kí mẹ́rin yòókù pé, n ó ká ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó sàn kí àpótí wa jẹ́ ti igi lásán, kí àwọn ìyá ilé sì tún lè ṣílẹ̀kùn fún wa, ju pé kí ó jẹ́ ti irin, kí ó sì ṣófo.